Kí Oyún Tó Dé: Ìgbà Tó Yẹ Kí Obìnrin Bẹ̀rẹ̀ Folic Acid

Gbogbo wa la mọ hóró egbòogi kékeré pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń pè ní folic acid. Bí obìnrin bá ti gba káàdì aboyún, wọ́n á fún un pẹ̀lú egbòogi ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní kó máa lò wọ́n títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé iṣẹ́ ńlá méjì ni egbòogi yìí ń ṣe fún aboyún. Ó ń bá ìyá ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí sì wúlò ní gbogbo oṣù tí oyún bá fi wà nínú. Ó tún ń dáàbò bo ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn ọmọ kí wọ́n lè padé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì yìí ti máa ń parí kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé àwọn lóyún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ folic acid lọ́jọ́ tó gba káàdì ní oṣù kẹrin ti pàdánù àǹfààní kejì yẹn pátápátá, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, ohun tí yóò di ọmọ kò tíì gùn tó mìlímítà 5. Ìpele kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí ìpele náà méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n á máa ká bọ̀ wá sí àárín bí ẹní tí èèyàn ń ká láti ọ̀tún àti òsì, títí etí kan á fi kan èkejì, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, tí gbogbo rẹ̀ á sì di ọ̀pá oníhò. Òkè ọ̀pá yìí ló ń di ọpọlọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń di mùdùnmúdùn tó gba inú ògóóró ẹ̀yìn kọjá. Kí oyún tó pé ọjọ́ 28, ọ̀pá náà ti padé tán, tàbí kó má padé mọ́ láé. Bí nǹkan oṣù obìnrin kan bá máa ń wá lẹ́yìn ọjọ́ 28 síra wọn, ní ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí parí, nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni. Òmíràn á rò pé ibà ló ń ṣe òun. Òmíràn kò tíì fura rárá. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó sì ń ṣe iṣẹ́ kíká yìí ló ń pín sí méjì méjì lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kò lè pín láì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀. Fólétì, ìyẹn irú fítámì B kan tí folic acid jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ tí a ṣe sínú hóró egbòogi, wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀dà náà. Bí kò bá tó lára ìyá ní ọjọ́ mélòó kan yẹn, iṣẹ́ kíká lè má parí.

Bí ó bá jẹ́ òkè ọ̀pá ni kò padé, ọmọ á wáyé láìní agbárí àti èyí tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń kú sínú, tàbí kó kú láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni, ọmọ lè yè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á rí àpò kan tó yọ síta lókè ìdí rẹ̀, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Omi wà nínú rẹ̀, okùn iṣan sì wà nínú omi náà láìsí eegun tó bò ó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ló yẹ kí oníṣẹ́ abẹ pa á dé, kí àrùn má baà gba ibẹ̀ wọ ọpọlọ. Síbẹ̀, iṣan tó ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ ọmọ lè rọ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè máa jáde láìjẹ́ pé ó mọ̀, omi sì lè máa gbárajọ sínú orí rẹ̀ tí orí á fi máa tóbi. Láti 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wa ti ń sa gbogbo ipá wọn lórí irú àwọn ọmọ báyìí. Iṣẹ́ ńlá ni, owó gọbọi ni fún òbí, kò sì sí èyí tó lè dá ọmọ náà padà sí bí ì bá ṣe rí ká ní ọ̀pá yẹn padé. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ní 2015 nìkan, oyún bí 260,000 ló ní irú ìṣòro yìí káàkiri ayé.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé folic acid ló ń dènà rẹ̀? Ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tó tọ́, nítorí ọjà wa kún fún oògùn tí ẹni tó ń tà á nìkan ló ń jẹ́rìí rẹ̀. Ìtàn folic acid yàtọ̀. Ní 1931, dókítà obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lucy Wills, tẹ ìwádìí jáde lórí àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún tálákà nílùú Bombay, ó sì fi hàn pé ohun kan nínú ìwúkàrà ń wò wọ́n sàn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ní Texas fa folic acid yọ lára ewé ẹ̀fọ́. Ní 1965, Elizabeth Hibbard àti Richard Smithells ní Liverpool kọ̀wé pé àwọn ìyá tí ọpọlọ tàbí ògóóró ẹ̀yìn ọmọ wọn kò padé máa ń ní ìṣòro fólétì lára ju àwọn ìyá yòókù lọ. Smithells wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ní fítámì kí wọ́n tó tún lóyún, èsì rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò gbà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé obìnrin tó gbà láti máa lo fítámì jẹ́ ẹni tó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀, pé ìyẹn ló gbà wọ́n. Èmi kò rí ohun burúkú nínú àtakò yẹn. Òun gan-an ló bí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro mọ́.

Ẹ̀rí náà ni ìwádìí tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ti Brítéènì ṣe lábẹ́ Nicholas Wald. Wọ́n mú obìnrin 1,817 ní ibùdó 33 ní orílẹ̀-èdè méje, gbogbo wọn ti lóyún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin láìṣe ojúsàájú: àwọn kan gba folic acid, àwọn kan gba fítámì mìíràn, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba ìkankan. Obìnrin kò mọ èyí tó wà nínú hóró tí ó ń lò, dókítà rẹ̀ náà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, oyún 27 ló ní ìṣòro yìí. 6 péré ló wà lọ́dọ̀ àwọn tó gba folic acid, 21 wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Ìyẹn ni pé egbòogi náà dènà nǹkan bí 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Fítámì mìíràn kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń bójú tó ìwádìí ní kí wọ́n dá a dúró ní 1991 kó tó parí, nítorí kò tọ́ mọ́ láti máa fi hóró tí kò ní folic acid fún obìnrin tó ń fẹ́ bímọ.

Àtakò mìíràn ṣì kù. Àwọn obìnrin yẹn ti bí irú ọmọ náà rí, bẹ́ẹ̀ ìyá tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí ló ń bí nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ǹjẹ́ yóò ṣiṣẹ́ fún wọn? Ní 1992, Andrew Czeizel ní Họ́ngárì tẹ èsì tirẹ̀ jáde. Nínú àwọn tó gba fítámì tó ní folic acid nínú kí wọ́n tó lóyún, ìyá ọmọ tó lé ní 2,000, kò sí ẹyọ kan. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò gbà á, mẹ́fà ló ṣẹlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà ṣe tirẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1999, lórí obìnrin tó ju 247,000 lọ. Folic acid nìkan ni wọ́n lò, ìwọ̀n 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, ìyẹn ìdá kékeré nínú mílígíráàmù kan. Ní àríwá Ṣáínà, níbi tí ìṣòro náà ti pọ̀, ó wálẹ̀ láti bí 4.8 nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ sí 1.0. Ní gúúsù, níbi tí kò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó wálẹ̀ láti 1.0 sí 0.6. Ẹ kíyè sí ìgbà tí wọ́n fún wọn: níbi àyẹ̀wò tí àwọn àfẹ́sọ́nà ń ṣe kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ni. Màá padà sórí ìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá wa yóò sọ. Wọ́n á ní ta ló ń lo folic acid láyé àwọn, àgbo àti aṣèjẹ ni wọ́n fi gbé oyún, ọmọ wọn sì pé tọwọ́ tẹsẹ̀. Òótọ́ ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìṣòro tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ lè má kan agbo ilé kan fún ìran mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n ti ń bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ lọ́dún, ẹbí mẹ́wàá sí ogún ló ń kàn lọ́dọọdún. Irú àwọn ọmọ wọ̀nyí wà láyé àtijọ́ náà. Wọ́n máa ń kú lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n á sin wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́, ẹnu kò sì ní gbà á. Ní ti oúnjẹ, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Fólétì wà nínú gbogbo wọn. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́: a óò já a, a óò rẹ́ ẹ, a óò da omi gbígbóná lé e lórí, a óò fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí yóò fi gbẹ, a óò da omi aláwọ̀ ewé yẹn nù, a óò wá dà á sínú ata tó ti ń hó. Fólétì máa ń yọ́ sínú omi, iná sì ń bà á jẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń wá nínú ẹ̀fọ́ náà ti bá omi tí a dà nù lọ. Èyí tó kù pàápàá, ara kì í gbà á tó bó ṣe ń gba folic acid inú hóró. Kí obìnrin dín omi gbígbóná náà kù, kó má se ẹ̀fọ́ pẹ́ lórí iná, kó máa jẹ ẹ̀wà déédéé. Kó sì lo hóró egbòogi náà. Ọ̀kan kò ní kí èkejì má ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ló ń mọ ọmọ nínú. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbàdúrà pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ, tó sì tún ń lọ bí sọ́dọ̀ agbẹ̀bí tó mọṣẹ́. N kò rí ìdí tí àdúrà ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fi lè bá agbẹ̀bí rìn, tí àdúrà ìlóyún kò fi lè bá folic acid rìn. Ohun tó ń dùn mí jù níbi ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀bi tí à ń dà lé ìyá lórí. Bí irú ọmọ yìí bá wáyé, wọ́n á ní ìyá ló rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní àjẹ́ ni, àna á bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́. Kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi lónìí kó lọ fi ṣe pàṣán mìíràn fún un, pé nítorí kò lo folic acid ni. Obìnrin tó lò ó láìtàsé náà lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò dènà gbogbo rẹ̀. Ogún àbímọ́, àìsàn àti egbòogi kan náà máa ń fà á. Bí ẹ̀bi bá wà, ti àwa tó mọ̀ láti 1991 tí a kò sọ fún un ni.

Ìbẹ̀rù àwọn tó ń bi mí bóyá kò léwu tọ́ sí ìdáhùn kíkún. Ẹ̀rù kan ni pé folic acid púpọ̀ lè bo àìtó fítámì B12 mọ́lẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti dára nígbà tí iṣan ń bàjẹ́ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ńlá ni wọ́n ti rí i, ní mílígíráàmù mélòó kan lójúmọ́. 400 máíkírógíráàmù kò tó ìdajì mílígíráàmù kan. Wọ́n tún sọ pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kó àwọn ìwádìí tó kan èèyàn tó sún mọ́ 50,000 jọ, wọn kò rí i pé jẹjẹrẹ pọ̀ sí i lára àwọn tó lo folic acid. Ìṣòro tí mo rò pé ó kan àwa gan-an ni ti ibà. Láti oṣù kẹrin, aboyún wa máa ń gba egbòogi SP, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar, láti dènà ibà. SP ń bá kòkòrò ibà jà nípa dídí i lọ́wọ́ kó má lè ṣe fólétì tirẹ̀. Bí folic acid bá wá pọ̀ jù lára ìyá, agbára SP á dín kù. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé folic acid tó tó mílígíráàmù 5 kò gbọ́dọ̀ bá SP rìn, pé 0.4 mílígíráàmù kò ní wàhálà. Bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù 5 ló pọ̀ jù ní kẹ́mísìtì wa! Kí ìjọba àti àwọn tó ń ṣe egbòogi jẹ́ kí hóró 400 máíkírógíráàmù wọ́pọ̀ bí Paracetamol. Kí a fi 5 sílẹ̀ fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún: obìnrin tó ti bí irú ọmọ yìí rí, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo egbòogi wárápá, pàápàá valproate, àti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó rí dókítà kí wọ́n tó lóyún rárá, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì dá egbòogi wárápá dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò tilẹ̀ dúró de obìnrin kó ra egbòogi. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan láti oṣù Kìn-ín-ní 1998 pé kí folic acid wà nínú fúláwà. Kánádà ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣòro náà sì wálẹ̀ bí ìdajì. Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Brítéènì, tó ṣe ìwádìí 1991 fúnra rẹ̀, kò kéde tirẹ̀ títí di 2021. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ti jẹ́rìí sí. Ní Nàìjíríà, ìlànà wà pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà máa fi fítámì sí fúláwà, folic acid sì wà lára wọn. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe búrẹ́dì ni gbogbo wa ń jẹ. Gúúsù Áfíríkà mọ èyí, ìyẹn ni wọ́n fi fi folic acid sínú ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú ní 2003, tí ìṣòro náà sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín kù. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, àmàlà lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́, kò sí ilé iṣẹ́ kan tó lè bá a fi folic acid sí i, nítorí gàrí rẹ̀, ìyá kan ló yan án lábúlé. Ẹlúbọ́ rẹ̀, orí òrùn ni wọ́n ti sá a. Nítorí náà, ní ilẹ̀ Yorùbá, fúláwà nìkan kò lè gbà wá. Hóró egbòogi ṣì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ obìnrin, kó sì tètè dé.

Níbo ni yóò ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí oyún tó dé? A kò lè gbé e ka káàdì aboyún, torí àṣà wa kò fẹ́ kí obìnrin tètè sọ pé òun lóyún. Ẹ̀rù ayé ń bà wá, à ń dúró kó fara hàn. Bẹ́ẹ̀ la kò lè ní kí gbogbo èèyàn ṣètò oyún sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì oyún ayé yìí ni a kò pète. Àmọ́ ibì kan wà tí a ti ń dá àfẹ́sọ́nà dúró tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kì í so yìgì mọ́ láì rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí AS má baà fẹ́ AS. Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá gba èsì jẹ́nótáìpù rẹ̀, kí folic acid oṣù mẹ́ta bá ìwé náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohun tí Ṣáínà ṣe nìyẹn. Àwọn kan á ní egbòogi aboyún kọ́ ló yẹ kí wúńdíá máa lò. Ẹ jọ̀ọ́, folic acid kì í ṣe egbòogi aboyún. Ọmọkùnrin tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ń lò ó lójoojúmọ́ láti kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi í bóyá ó lóyún.

Ní ti ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún lónìí, tí kò lo nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó pọ̀ jù lọ ni ọ̀pá yẹn ń padé fún, kó lọ ṣe àwòrán inú tí dókítà bá ní kó ṣe, kó sì máa lo egbòogi tí wọ́n fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ṣì nílò rẹ̀. Òun ni mo ní lọ́kàn jù fún oyún tó ń bọ̀. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ yìí yóò wáyé, ìyá rẹ̀ yóò sì gbé e wá fún abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Láàárín àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ obìnrin tún máa ń lóyún. Kí nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ bi í bóyá ó ń ṣe ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Bí kò bá ṣe é, kó fún un ní folic acid pa pọ̀ mọ́ káàdì ọmọ, kó sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti alẹ́ ọjọ́ náà.